Ẹ̀rọ Ìsáré Tí Aláìríran Lè Dá Lò

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá fún àwọn tí ojú wọn kò ríran. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ ju ohun tí ẹnìkan lè sọ tán ní ìjókòó kan. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo yàn láti sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tírẹ́dímìlì, ẹ̀rọ ìsáré tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ènìyàn ń rìn tàbí tó ń sáré lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan.

Mo yàn án nítorí pé n kò mọ ohun èlò eré ìdárayá mìíràn tó bá aláìríran mu tó o, n kò sì mọ èyí tí àwọn tó ń ṣe é ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ aláìríran tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìta. Ẹni tí kò ríran, tó fẹ́ sáré láàárọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, kí ló máa bá pàdé? Gọ́tà tí kò ní ìdérí. Ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti apá tí kò yẹ kó gbà. Ihò, òkúta, irin tó yọ orí jáde lẹ́bàá títì, ọjà tí wọ́n pàtẹ síbi tí ẹlẹ́sẹ̀ yẹ kó gbà kọjá. Ọ̀pá funfun wúlò fún ìrìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi í sáré. Ó di dandan kó ní ẹnìkan tí yóò máa bá a sáré, tí àwọn méjèèjì yóò jọ di okùn kékeré kan mú. Bí àwọn eléré ìdíje tí wọ́n ń pè ní T11, àwọn tí ojú wọn fọ́ pátápátá, ṣe ń sáré nìyẹn, ó sì máa ń wù mí láti wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá ni sáré níṣẹ́ tirẹ̀, ó ní ìdílé, ara rẹ̀ lè má yá. Ọjọ́ tí kò bá lè wá, eré ọjọ́ náà ti parí nìyẹn.

Lórí ẹ̀rọ ìsáré, kò sí gọ́tà, kò sí ọ̀kadà. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò sì lópin. Irin ìdìmú wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹni tí kò ríran lè sá eré tó wù ú níbẹ̀, ní àkókò tó wù ú, láìbẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, láìbẹ ẹnikẹ́ni, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n gbà pé eré sísá kì í ṣe ti aláìríran rárá. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Marla Runyan, ọmọ Amẹ́ríkà, ní àrùn Stargardt tó ba àárín ìríran rẹ̀ jẹ́ láti kékeré. Ní ọdún 2000, ó sá 1500 mítà ní Olympics Sydney pẹ̀lú àwọn tí ojú wọn dá ṣáká, ó wọ àṣekágbá, ó sì ṣe ipò kẹjọ. Ní 2002, ó ṣe ipò kẹrin láàrin àwọn obìnrin nínú eré Marathon ti New York. Ọmọ tiwa, Adékúnlé Adéṣọjí, gba góòlù 100 mítà ní Paralympics Athens ní 2004, ní ìpín T12, ìpín àwọn tí ìríran wọn kéré gan-an. Ẹsẹ̀ kò ṣàìní agbára, ọkàn kò sì ṣàìní ìgboyà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn eléré ìdíje ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tó ti pé ọmọ 40 ọdún sókè, bíi 4 ni ojú wọn ti fọ́. Kátáráàtì ló ṣáájú nínú ohun tó ń fà á, gílákómà sì wà lára àwọn tó tẹ̀lé e. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, tó ń gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, gílákómà jí ojú rẹ̀ gbé díẹ̀díẹ̀. Láàrin ọdún díẹ̀, ó ti di ẹni tó ń jókòó sórí àga láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn ará ilé nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kó má dìde, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá a. Ara ń sanra, ẹ̀jẹ̀ ń ru, oorun kò dá a dáadáa mọ́. Ojú nìkan ló ṣàìsàn níbẹ̀rẹ̀, ìjókòó ló wá sọ ìyókù ara di aláìlera.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mú ọkàn ṣiṣẹ́ níwọ̀nba fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, wọ́n sọ ọ́ kedere pé ìmọ̀ràn náà kan àwọn tó ní àìpé ara pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú 150 jẹ́ ìdajì wákàtí ní ọjọ́ márùn-ún. Níbo ni bàbá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ti rìn ìrìn kíákíá fún ìdajì wákàtí? Nínú pálọ̀ ni àbí ní títì?

Ẹ̀rọ ìsáré dáhùn ìbéèrè yìí pátápátá, àfi ojú rẹ̀ tó kù. Ojú ẹ̀rọ ni mo ń pe pátákó iwájú yẹn, níbi tí a ti ń tan án, tí a ti ń mú un yára, tí a ti ń dá a dúró. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Nígbà kan rí, kò rí bẹ́ẹ̀. William Staub, ẹnjiníà kan ní New Jersey, ka ìwé Aerobics tí dókítà Kenneth Cooper gbé jáde ní 1968, ó sì pinnu láti ṣe ẹ̀rọ ìsáré tí ènìyàn lè gbé sílé. PaceMaster 600 ni wọ́n pè é. Rólà irin 40 ló wà lábẹ́ bẹ́líìtì rẹ̀, bọ́tìnì yíyí aláwọ̀ ọsàn ni a sì fi ń yan àkókò àti ìyára. Bọ́tìnì yíyí! Ìka máa ń mọ ibi tí irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ wà, ó máa ń mọ̀ bóyá ó ti yí dé ìdajì tàbí ó ti yí tán. Bóyá Staub ro ti aláìríran, bóyá kò rò ó, ohun tó ṣe bá aláìríran mu. (Staub fúnra rẹ̀ kú ní 2012, lẹ́ni ọdún 96, ó sì ń lo ẹ̀rọ náà títí di bí oṣù méjì ṣáájú ikú rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn náà tó ẹ̀rí.)

Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnì pẹlẹbẹ dé, èyí tí wọ́n fi awọ rọ́bà tín-ín-rín bò. Ìka kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ní àtúnṣe, nítorí ẹni tó bá rọra fọwọ́ pa á kiri kò tíì pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Àfi tó bá tẹ̀ ẹ́. A lè lẹ àmì kékeré tó yọ sókè mọ́ ọn lórí.

Nígbà tó yá, dígí dé. Ẹ̀rọ olówó ńlá òde òní ní ojú dígí tó tóbi bíi ti tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí ohun kan lórí rẹ̀ tí ọwọ́ lè dì mú. Ẹ wo bó ṣe rí fún ẹni tí kò ríran. Ìka ni ojú rẹ̀, ìka ló fi ń wá nǹkan. Ṣùgbọ́n lórí dígí, wíwá ti di àṣẹ. Bí ìka bá ṣe ń rìn kiri láti wá ibi ìdádúró, ó lè fọwọ́ kan ibi ìyára, ó lè fọwọ́ kan ibi ìgòkè, bẹ́líìtì á sì gbọ́, nígbà tí ènìyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Kò sí àmì tí a lè lẹ̀ tó lè wo èyí sàn tán, nítorí ohun tó wà lórí dígí máa ń yí padà. Ibi tó jẹ́ ìyára nísinsìnyí lè di àwòrán òkun tó bá ṣe díẹ̀.

N kò wá síbí láti bú dígí o. Ní 2009, iPhone 3GS jáde pẹ̀lú VoiceOver, tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè. Ó kọ́ wa pé dígí tó ń sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ti aláìríran: a fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ohun tó jẹ́, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe iṣẹ́. Lónìí, aláìríran ń fi fóònù dígí rán owó, ó ń fi kàwé, ó ń fi pe ọkọ̀. Nítorí náà, ohun tó burú ni dígí tó dákẹ́. Àwọn kan tó ń ṣe ẹ̀rọ eré ìdárayá ti gbọ́ èyí. Peloton, fún àpẹẹrẹ, ti fi TalkBack tó ń ka ojú ẹ̀rọ sókè sínú àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀.

Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé ohùn nìkan kò tó. Ẹni tó jókòó sórí àga lè fi sùúrù wá nǹkan lórí dígí kó tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń sáré ní kìlómítà mẹ́sàn-án ní wákàtí, tí ọwọ́ rẹ̀ ń fì, tí òógùn ti rin ìka rẹ̀, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo gbà pé ó gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì tó ṣeé dì mú lórí ẹ̀rọ ìsáré èyíkéyìí, bó ti wù kí dígí rẹ̀ gbọ́n tó: mímú un yára, dídín ìyára kù, àti dídá a dúró. Ìdádúró gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ìyókù ní ìrísí àti ní títóbi, kí ọwọ́ má ṣì í.

Ọ̀nà mìíràn tún ti ṣí tí ọ̀pọ̀ oníjíìmù kò tíì gbọ́. Ní 2017, àjọ tó ń bójú tó Bluetooth gbé ìlànà kan jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fitness Machine Service. Ẹ̀rọ tó bá ń tẹ̀lé ìlànà yìí lè máa fi ìyára, ìgòkè àti ibi tí eré dé ránṣẹ́ sí fóònù, ó sì lè gba àṣẹ láti orí fóònù pẹ̀lú. Ẹ rí ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹ̀rọ tó yadi lè gba ẹnu fóònù sọ̀rọ̀. Fóònù aláìríran ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Yóò gbé e síwájú rẹ̀, yóò fi ohun ìgbọ́ràn sétí, ohùn á sì máa sọ fún un pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti kọjá, pé ìyára jẹ́ mẹ́fà. Ohun ìgbọ́ràn tó ń gba orí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló dára jù, nítorí kì í dí ihò etí, ẹni tó lò ó á ṣì máa gbọ́ ẹ̀rọ àti ẹni tó bá ń pè é.

Kùdìẹ̀kudiẹ wà níbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń ti ẹ̀rọ wọn mọ́ áàpù tiwọn nìkan. Àwọn áàpù mìíràn sì wà tí ẹni tó kọ wọ́n kò fún bọ́tìnì inú wọn lórúkọ, tó fi jẹ́ pé ohun tí fóònù yóò máa kà sí aláìríran létí ni "bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ áàpù, tí ẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí, iṣẹ́ yín nìyẹn. Kò gba owó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fífún bọ́tìnì lórúkọ ń gbà.

Ní ọ̀pọ̀ jíìmù wa, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ kò ní Bluetooth, kò sì ní sọ̀rọ̀ láéláé. Kí ni ká ṣe sí i? Ẹ wá àmì rọ́bà kékeré tó ń lẹ̀, kí ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ìyára sókè, ọ̀kan mọ́ ìyára sísàlẹ̀, kí ẹ wá lẹ èyí tó tóbi, tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀, mọ́ ìdádúró. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Bí àmì bá pọ̀ jù, ìka á sọnù láàrin wọn. Lẹ́yìn náà ni kíkà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 0.8 tàbí 1 kìlómítà ní wákàtí, ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń fi 0.1 kún un pẹ̀lú ìró "pí" kan. Tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ ní 1, ìtẹ̀ 40 ni yóò gbé e dé 5. Aláìríran tó mọ ẹ̀rọ rẹ̀ lè fi etí ka ìyára rẹ̀, bí orin jíìmù kò bá bo ìró náà mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀ yín nítorí Ọlọ́run, ẹ dín orin yẹn kù.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni bí ènìyàn ṣe ń gun ẹ̀rọ náà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin kóòṣì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Kí ẹ tó tan iná sí i, ẹ jẹ́ kí ẹni náà fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n: gígùn bẹ́líìtì, ibi tí ẹ̀gbẹ́ tí kì í yí bẹ̀rẹ̀ sí, gíga irin ìdìmú, ibi tí bọ́tìnì wà sí àtàǹpàkò. Ẹ jẹ́ kó dúró sórí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí kì í yí, kó tan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kó gbọ́ bí bẹ́líìtì ṣe ń dún, kó tó gbé ẹsẹ̀ lé e ní ìyára tó kéré jù. Kọ́kọ́rọ́ ìdáàbòbò tó ní okùn, tí à ń há mọ́ aṣọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré láìhá a. Bí ara bá sún sẹ́yìn jù, okùn á fà á yọ, ẹ̀rọ á sì dúró. Mo mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi kọ́kọ́rọ́ yìí ti sọnù tàbí wọ́n ti fi irin kékeré kan rọ́pò rẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ohun tó léwu ni fún ẹni tó ríran, ó sì tún léwu jù fún ẹni tí kò ríran.

Ẹni tó ríran máa ń fi ojú mọ̀ bí òun bá ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí kò ríran á fi ìka kan kan irin ìdìmú fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kó lè mọ ibi tóun wà. Kó má rọ̀ mọ́ irin o, nítorí ẹni tó bá gbé ara lé e kò ṣe eré tán. Fáànù kékeré níwájú náà wúlò: atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí àárín ojú máa ń jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé iwájú ni òun kọjú sí.

Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín. "Ẹ ṣe báyìí" kò wúlò fún ẹni tí kò rí báyìí yín. Ẹ sọ pé, "Bàbá, ẹ sún síwájú ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan," tàbí "Mọ̀mí, ẹ gbé àyà sókè díẹ̀, ẹ má tẹ̀ síwájú." Ẹ sọ orúkọ yín nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ sì sọ fún wọn tí ẹ bá ń lọ. Ẹ bi ẹni náà ní ìbéèrè fúnra rẹ̀, ẹ má bi ọmọ tó mú un wá pé "ṣé wọ́n lè rìn?" Ẹ má sì na ọwọ́ tẹ bọ́tìnì ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sáré láìsọ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá eré náà ti le jù, ẹ bá a sọ̀rọ̀: ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin ń ṣe eré tó wà níwọ̀n.

Mo gbọ́dọ̀ fi ìkìlọ̀ kan kún un. Àwọn kan fọ́jú nítorí àtọ̀gbẹ. Nínú wọn, ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun ẹlẹgẹ́ ń hù nínú ojú rẹ̀, tí dókítà kò sì tíì tọ́jú rẹ̀ délẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣe eré líle, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ya sínú ojú. Àtọ̀gbẹ tún máa ń pa ẹsẹ̀ kú, tí ẹni tó ní i kò ní mọ̀ pé bàtà ti bó òun lẹ́sẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó gun ẹ̀rọ, kó rí dókítà ojú rẹ̀. Lẹ́yìn eré, kí ẹnìkan bá a yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ iná ìjọba náà ńkọ́? Kò sí bí mo ṣe lè sọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà kí n fo ìyẹn. Bí iná bá lọ lójijì, bẹ́líìtì máa ń dúró, ẹni tó wà lórí rẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú síwájú. Ẹ jẹ́ ká kọ́ aláìríran láti mọ ìró mọ́tò tó ń rọlẹ̀, kó di irin mú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irú ẹ̀rọ kan wà tí kò ní mọ́tò rárá, tí bẹ́líìtì rẹ̀ tẹ̀ kòtò láàárín, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń yí i. Bí ènìyàn bá sún síwájú, ó yára. Bó bá sún sẹ́yìn, ó rọra. Kò nílò iná, kò nílò bọ́tìnì. Ó le fún ara ju ti mọ́tò lọ, ó sì lè dẹ́rù ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ irú rẹ̀.

Òfin kò ṣàìsí. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní àìpé ara ní 2007, ó sì di tiwa ní 2010. Abala 30 rẹ̀ sọ̀rọ̀ eré ìdárayá ní tààrà. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn tó ní àìpé ara léèwọ̀, ó sì fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe. Ọdún márùn-ún ọ̀hún ti pé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára Amẹ́ríkà. Òfin tiwọn ti wà láti 1990, ìlànà ilé kíkọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2010 sì béèrè pé kí àyè tó fẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan ó kéré tán nínú irú ẹ̀rọ eré ìdárayá kọ̀ọ̀kan. Ìlànà kan náà yọ bọ́tìnì ẹ̀rọ eré ìdárayá kúrò nínú ohun tí ó pọn dandan kó ṣeé lò. Ènìyàn lè dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, òfin kò bìkítà bóyá ọwọ́ rẹ̀ lè tan án. Ẹ̀yin aṣòfin wa, bí ẹ bá ń kọ ìlànà tiwa, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ẹ̀rọ.

Ọjọ́ ìràjà ni ọjọ́ tí a ń yan gbogbo èyí, kì í ṣe ọjọ́ tí aláìríran bá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rọ tí ẹ bá rà lónìí lè wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ̀yin oníjíìmù, kí ẹ tó san owó ẹ̀rọ tó kàn, ẹ pe aláìríran kan dání lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kó tan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kó gbé e yára, kó dín in kù, kó béèrè iye ìṣẹ́jú tó ti lò lọ́wọ́ ẹ̀rọ, kó sì dá a dúró. Kí ẹni tó ń tà á má ràn án lọ́wọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá rí ìdádúró, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tà á ìdí tí ẹ kò fi rà á.